Gbólóhùn Tí Wọ́n Tẹ̀ Sísàlẹ̀ Rìsíìtì

Bí ẹ bá ra fáànù, tẹlifíṣọ̀n tàbí fírísà ní Iléṣà, ì báà jẹ́ ní Òkèsà tàbí ní Ẹrẹ̀jà, ẹ fara balẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì tí wọ́n fún yín. Ẹ ó rí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ti òkè lọ: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà; owó tó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tilẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí POS wà, kí ẹni tó ń sanwó má baà ní òun kò rí i. Ó ti pẹ́ lójú wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbà pé òfin ni. Nǹkan á bàjẹ́ lọ́wọ́ wa láàárín oṣù díẹ̀, a ó wo rìsíìtì, a ó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó mí kanlẹ̀, a ó sì lọ wá owó mìíràn fún alátùn-únṣe.

Kì í ṣe òfin. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló kọ ọ́, àǹfààní ara rẹ̀ ló sì torí rẹ̀ kọ ọ́. Òfin ilẹ̀ wa sọ ohun tó yàtọ̀, ó sì sọ ọ́ kedere. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tí òfin náà wà fún gan-an, ìyá tó ń ta omi tútù, ọmọ iṣẹ́ tó fi owó àjọ ra fóònù, télọ̀ tó ra áyọ́ọ̀nù oníná, àwọn wọ̀nyí ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin kan tí orúkọ rẹ̀ gùn: Federal Competition and Consumer Protection Act. Òfin yìí ló dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Consumer Protection Council tí ìjọba ológun ti fi Decree 66 ti ọdún 1992 gbé kalẹ̀. Ìpín 131 inú rẹ̀ ni kí ẹ há sórí. Ohun tó wí ni pé gbogbo oníbàárà ló ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí kò lábùkù, tí yóò sì tọ́jọ́ dé ìwọ̀n àkókò tó bójú mu, tí a bá wo irú iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe. Ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Òfin kò ní kó ṣáà ti tan iná lójú yín nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó tọ́jọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ìrójò ló ti ń ta òkú Èkó àti ṣáwá, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá àti mínírà. Owó àjọ tó kó ló fi ra fírísà ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìgboro, tuntun nínú páálí, wáráńtì ọdún kan lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e jáde, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ki wáyà rẹ̀ bọ iná, iná kékeré àwọ̀ ewé tàn níwájú rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ kùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ o." Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún páálí rẹ̀ dì, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tó fún gílóòbù, kò tó fún fírísà. Ó máa ń gba fírísà ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí inú rẹ̀ tó dì, bí gáàsì bá sì ń jò díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí àìsàn náà tó hàn síta. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́jà bá ń rán yín létí pé ojú yín ló ti dán an wò, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn kò gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín. Àbùkù tí kò lè hàn lọ́jọ́ tí a rà á, àbùkù náà ni.

Wáráńtì fírísà yìí kò tíì dé ìdajì tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Apá ọ̀tún dì gbagidi, apá òsì kàn tutù lásán, omi ń ro lára ẹja. Tẹ́lẹ̀, mọ́tò rẹ̀ a máa kùn, a máa dákẹ́, a tún máa kùn. Báyìí, bí iná bá ti dé, ó di kó máa kùn láìsinmi títí wọn á fi mú iná lọ, síbẹ̀ kò dì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja ní àdínkù kó má baà rà mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà tó yá ó kó èyí tó ti ń rùn lọ dànù.

Mo lọ wo ẹ̀yìn fírísà náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Nísàlẹ̀, níbi tí kọ̀mpùrẹ́sọ̀ jókòó sí, páìpù tín-ín-rín kan wà tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ òmíràn. Gbogbo ibẹ̀ ni eruku gbígbẹ bò, àfi ojú ìjópọ̀ yẹn. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ń dán, eruku tó bà lé e ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó dúdú. Ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń tún firíìjì ṣe jókòó rí á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gáàsì inú ẹ̀rọ yìí máa ń gbé òróró kọ̀mpùrẹ́sọ̀ kiri nínú páìpù. Níbi tí gáàsì bá ti rí ihò jáde, gáàsì á fò lọ, òróró á dúró síbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo ya ti àkọlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, mo ya ti inú rẹ̀, ọ̀tún tó dì àti òsì tí kò dì nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò tó ń tún firíìjì ṣe ti dé kí n tó dé. Ọmọ dáadáa ni, ó ní òun á bá wọn fi gáàsì kún un kíá, kí ọjà má baà bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú ẹ̀rọ tó ṣì wà lábẹ́ wáráńtì, ọlọ́jà ti rí àwáwí tó ń wá: "Wọ́n ti tú u, a kò lè dáhùn sí i mọ́." Ìdí kejì wà lórí àkọlé ẹ̀yìn fírísà náà. R600a ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gáàsì yìí jẹ́ ìbátan gáàsì ìdáná, ó ń gbaná, gíráàmù díẹ̀ sì ni wọ́n ń wọ̀n sínú ẹ̀rọ. Agolo R134a, gáàsì mìíràn, ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbé wá, kọ̀mpùrẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe fún èkíní kì í ṣe ti èkejì. Bó bá fi kún un, yóò dì fúngbà díẹ̀, kọ̀mpùrẹ́sọ̀ á sì lọ. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ á wá bọ́ sórí ẹ̀gbọ́n mi.

Báyìí la ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kí i pé ó kú ọjà, ó ní, "Ọ̀gá, fírísà tí mo rà lọ́wọ́ yín kò dì mọ́ o."

"Háà, Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Iná NẸ́PÀ ni. Iná ló gbé e."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo fọ́tò yìí. Páìpù ló ń jò. Iná kì í lu páìpù."

Ó wò ó, ó dá fóònù padà fún mi. "Ẹ pe kọ́ńpìnnì. Àwọn ló ṣe é, èmi kàn ń tà á ni. Ẹ sì wo ohun tí a kọ sísàlẹ̀ rìsíìtì yín."

Mo fẹ́ ká dúró lórí ìdáhùn wọ̀nyí, nítorí pé irú wọn ni ẹ ó bá pàdé níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹni tí kò bá sì múra sílẹ̀ fún wọn, ojú ọ̀nà ni yóò ti padà.

Ti iná kọ́kọ́. Gbogbo wa mọ bí iná wa ṣe rí. Ìwé pé 230 fóòtì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní sitẹbiláísà tó ń fi iye hàn á ti rí i tó ń lọ sókè sódò. Iná burúkú ń ba ẹ̀rọ jẹ́ lóòótọ́: ó ń jó wáyà inú kọ̀mpùrẹ́sọ̀, ó ń jó bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, ó ń fọ́ kapásítọ̀. Nítorí pé ó jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn ni àwọn ọlọ́jà fi ń lò ó nígbà gbogbo. Ohun tí mo rí pé ó dára jù láti sọ ni èyí: bó bá jẹ́ iná ló bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó yẹ ẹ́ wò kọ ọ́ sílẹ̀, kó dárúkọ apá tó jóná, kó buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rọrùn láti sọ. Ìwé tí ẹni mìíràn lè kà, tí ó lè dé iwájú adájọ́, ìyẹn máa ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ purọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ sì fi rìsíìtì sitẹbiláísà yín pa mọ́ pẹ̀lú.

Ti kọ́ńpìnnì ńkọ́? Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni mo sanwó fún? Orúkọ ta ni ó wà lórí rìsíìtì, àkántì ta ni owó wọ̀? Ẹni tó ta ọjà fún yín ni ẹ bá ṣe àdéhùn. Òfin yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òfin títa ọjà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893 ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá ń ta irú ọjà kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ dára tó láti tà, kó sì bá ohun tí a torí rẹ̀ rà á mu. Irú òfin kan náà wà nínú ìwé òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1959, níbi tí Iléṣà wà nígbà náà. Wáráńtì kọ́ńpìnnì jẹ́ àfikún sí èyí. Ẹ lè lò ó bó bá yá jù, àwa náà sì lò ó lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ṣùgbọ́n ọlọ́jà kò lè fi í yọ ara rẹ̀ kúrò.

Mi ò ní sọ pé ọlọ́jà yẹn jẹ́ ènìyàn burúkú. Mo mọ bí ọjà yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Aláàbà, ní Ọ̀jọ́, Èkó, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kó o, lọ́wọ́ alágbàtà tí òun náà ti sọ fún wọn pé ọjà tó bá ti kúrò ní Aláàbà kò padà mọ́. Èrè orí fírísà kan kò tó nǹkan, bó bá sì pààrọ̀ ẹyọ kan lápò ara rẹ̀, èrè èyí tó pọ̀ ti lọ sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ẹjọ́ náà di ti ẹ̀gbọ́n mi. Òun tó ń ra púpọ̀ lọ́wọ́ alágbàtà ló lágbára láti bá alágbàtà fa á. Ìyá tó ra ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá kò ní ọwọ́ tó gùn dé Aláàbà. Bí ẹrù náà bá gbọ́dọ̀ wà lórí ẹnìkan, kó wà lórí ẹni tó lè gbé e dé ibi tí ó ti wá.

Kò sì sí ìlú tó yẹ kí èyí yé ju Iléṣà lọ. Ìlú Òṣómàáló ni wá. Láyé òyìnbó, àwọn bàbá wa ń gbé aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà á láwìn, nígbà tí àkókò owó bá tó, wọn á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní gba ìjókòó, wọn kò ní lọ, títí owó á fi jáde. A ti gbé orúkọ yẹn ga, a ń fi í yangàn. Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló ń gba ọjà tó bàjẹ́ lọ sílé láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó sanwó pé fún ohun tí kò ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n jẹ ní gbèsè. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lóṣòó.

Lóde òní, ìwé ni à ń fi í lóṣòó. A padà sílé, a kọ lẹ́tà. Kò gùn. A kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tó ra fírísà, iye tó san, bó ṣe san án, orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A kọ ohun tó ń ṣe é ní ìlà mẹ́rin, a kò bú ẹnikẹ́ni. A wá sọ ohun tí à ń fẹ́: kí wọ́n tún un ṣe dáadáa lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá sì tún bàjẹ́ lórí ohun kan náà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dá owó padà. A dárúkọ òfin ọdún 2019 àti ìpín 131. A fún wọn ní ọjọ́ pàtó láti dáhùn. A kọ ọ́ sí ìparí pé bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC. A tẹ ẹ̀dà méjì, a so ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò mọ́ ọn, a gbé e lọ, a ní kí wọ́n buwọ́ lu ti ọwọ́ wa pé wọ́n ti gba ti ọwọ́ wọn. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀, kò fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo ya fọ́tò lẹ́tà náà lórí káńtà wọn, mo fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí WhatsApp níbẹ̀. Àmì aláwọ̀ búlúù méjì yọ. Ìyẹn náà ẹ̀rí ni.

Ohun tí ìpín 146 òfin náà sọ ni pé oníbàárà lè bá ẹni tó ta ọjà fún un sọ̀rọ̀ tààrà, ó lè gbé ẹjọ́ lọ bá àjọ tó ń mójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè gbé e lọ sí FCCPC, ilé ẹjọ́ sì ṣí sílẹ̀ fún un. FCCPC ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò ní láti wọ ọkọ̀ dé Àbújá. Àjọ náà ti jáde sọ ọ́ léraléra pé àkọlé pé owó kì í padà lòdì sí òfin. Síbẹ̀, mo gbà pé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. A kò pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́jọ́ kankan, a kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. A kàn ń padà lọ, pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́.

Ní àárín èyí ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ẹnìkan nínú ìjọ wọn ní kó fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ní a ti fẹ́ sọ ọ́ di oníjọ̀ngbọ̀n láàárín ìgboro, pé ọlọ́jà yẹn jẹ́ ọmọ ẹni báyìí báyìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọlọ́run tí à ń fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ kò ní ká máa jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ẹni tó bá sì dákẹ́ lónìí ti jẹ́ kí ó rọrùn fún wọn láti ta irú rẹ̀ fún opó tó ń bọ̀ lọ́la. Èyí gan-an ló ń ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Òfin wà, ṣùgbọ́n ìtìjú là ń fi dí i lójú.

Kí ọjọ́ tí a dá fún wọn tó pé ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pè. Wọ́n gbé fírísà lọ sí ibi àtúnṣe tí kọ́ńpìnnì ní ní Ìbàdàn, wọ́n jó páìpù rẹ̀, wọ́n gbé e padà. Ó dì fúngbà díẹ̀, òróró tún yọ lójú ibi kan náà. Lẹ́tà kejì kò gba àkókò láti kọ, nítorí ohun tí a ó béèrè ti wà nínú àkọ́kọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Tuntun ló wà ní Ìrójò báyìí, ó ń dì láti ọ̀tún dé òsì. Owó ẹja tó rà dànù kò padà. A béèrè rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lè san án, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí a dúró níbẹ̀. Èmi ì bá tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n òun ló ni ọjà, òun ló ni ìpinnu.

Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ìtàn yìí, ó ní lọ́dọ̀ àwọn kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Òfin wọn ti ọdún 2015 fún oníbàárà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Bí àbùkù bá yọ láàárín oṣù mẹ́fà, ọlọ́jà ni yóò fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó tà á. Tiwa ní "àkókò tó bójú mu", ó dá a dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni òfin wa ti rọ̀ jù. Ohun tó bójú mu lójú ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n kì í bójú mu lójú ẹni tó tà á, ẹni tí kò lówó lọ́ọ́yà ni ó sì máa ń rẹ̀ kọ́kọ́. Mo ń retí ọjọ́ tí àwọn aṣòfin á fi iye ọjọ́ síbẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ béèrè fún wáráńtì tí a kọ sílẹ̀, tí iye oṣù rẹ̀ hàn, kí ẹ tó sanwó. Iye oṣù tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ bá kọ, kò lè pe ìyẹn ní ohun tí kò bójú mu.

Rìsíìtì fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Ìpín 118 ní kí ọlọ́jà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà: orúkọ ọlọ́jà, ọjọ́, irú ọjà, iye owó. Bébà tín-ín-rín tí POS ń tu jáde kò tó, ó kàn ń sọ pé owó kúrò ni, kò sọ ohun tí ẹ fi rà, àti pé láàárín oṣù díẹ̀ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á ti parẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sórí rìsíìtì. Fún fóònù, ẹ tẹ *#06# nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, á jáde, ẹ fi wé ti ara páálí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síwèé. Ẹni tó bá ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gbé e wá bá a nílé láìtíì fojú kàn án tẹ́lẹ̀, òfin fún un láyè láti kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bójú mu kó sì gba owó rẹ̀ pé. Kó tú páálí rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, kó má gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de ọjọ́ ìbí ọmọ.

Ó ku tọ́kùnbọ̀, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà. Àwọn kan gbà pé ẹni tó ra tọ́kùnbọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Mi ò gbà. Ìpín 117 ní ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe tàbí tún tò, tó ṣì ń jẹ́ orúkọ kọ́ńpìnnì tó ṣe é, gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kedere pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó bá nu ara fóònù àlòkù mọ́, tó wọ̀ ọ́ ní páálí tuntun, tó pè é ní tuntun, ti rú òfin kí fóònù náà tó bàjẹ́ rárá. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé tọ́kùnbọ̀ ni, tó ní bátìrì rẹ̀ ṣì dára, tó ní ẹ lè lò ó fún oṣù mẹ́ta kí ẹ máa bọ̀ bó bá ṣe nǹkan, ó ti ṣe ìlérí, ìlérí náà sì ṣeé kọ sílẹ̀. Ẹ ní kó kọ "tọ́kùnbọ̀" àti oṣù mẹ́ta yẹn sórí rìsíìtì, kó fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín sínú POS. Bó bá kọ̀, ẹ kó owó yín, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Òkèsà.